Àyẹ̀wò Tí Kò Dé Oko Kò Tíì Parí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, tí kò kan ọmọ iléèwé girama tó ń gun ọ̀kadà láti oko wá sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ó kàn mí, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ní ìyá àgbà ní abúlé. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: àwọn jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn, pàápàá àwọn tó ń tẹ ìwádìí nípa ìtọ́jú orí fóònù jáde, máa ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì máa ń ṣe ìṣirò iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bi àwa tí à ń gbé ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí léèrè ohunkóhun. Mo ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa ló mú ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé bí dókítà tàbí olùwádìí bá parí iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn máa tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé ìpolongo ìbò. Ó máa fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan. Olóòtú jọ́nà náà á wá fún àwọn onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè ní kó tún un ṣe, wọ́n sì lè ní kò dára tó. Láti ọdún 1665, nígbà tí Henry Oldenburg bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Philosophical Transactions ní Lọ́ńdọ̀nù, ni àwọn onímọ̀ ti ń kó iṣẹ́ wọn jọ sínú jọ́nà. Àṣà pé kí ẹlẹgbẹ́ ẹni yẹ iṣẹ́ ẹni wò sì wá di ìlànà ní ọ̀pọ̀ jọ́nà ní ọ̀rúndún ogún.

Ó yé mi kíákíá, nítorí pé ọmọ olóko kòkó ni mí. Ẹni tó ń ra kòkó kì í wo òkè àpò nìkan. Á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á gé èso mélòó kan sí méjì, á wò ó bóyá ó gbẹ, bóyá ó bu. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó kó òkúta sí ìsàlẹ̀ àpò ni yóò máa jẹun. Olùyẹ̀wò jọ́nà ni ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ inú àpò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo lòdì sí àyẹ̀wò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ tí wọ́n ń kì bọ àpò kò tíì dé ìsàlẹ̀.

Olùkọ́ wa tún sọ fún wa nípa ìṣirò ọdọọdún. Àwọn jọ́nà kan wà tí iṣẹ́ wọn dá lé ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn nìkan. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ẹgbẹ́ àgbáyé fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2013, tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọdún bá parí, olóòtú irú jọ́nà báyìí a máa jíyìn fún àwọn òǹkàwé: iye iṣẹ́ tó dé, iye tí wọ́n dá padà láìfi han olùyẹ̀wò rárá, iye tí àwọn olùyẹ̀wò kọ̀, iye tó jáde, iye ọ̀sẹ̀ tí àyẹ̀wò gbà, àti orílẹ̀-èdè tí àwọn òǹkọ̀wé ti wá. Lẹ́yìn náà, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀.

Ká sòótọ́, inú mi dùn sí irú ìṣirò yìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò bá ka owó ní òpin ọdún, ojú olè ni wọ́n máa fi wo akápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé níwájú àwọn tó ni owó ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti máa ń ka owó. Bí akápò bá lọ ka owó fún àwọn akápò ẹgbẹ́ mìíràn, tí wọ́n jọ pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, tí wọ́n sì túká, ǹjẹ́ ó ti jíyìn? Ta ló ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wọ̀n? Ta ló ni àkókò tí wọ́n fi dáhùn ìbéèrè nígbà tó yẹ kí wọ́n wà lóko?

Ìyá àgbà mi ń gbé ní abúlé kan lójú ọ̀nà Akanran, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Nígbà tí mo wà ní JSS 2, àwọn àlejò kan dé abúlé náà. Wọ́n kí baálẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ṣàlàyé pé àwọn ń ṣe ìwádìí lórí bí àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe lè máa bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìwá sí ìgboro. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ìyá àgbà lápá, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n ní kí ìyá tẹ ìka sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ tí ìyá lè pè. Wọ́n pín ọṣẹ àti ṣúgà. Gbogbo abúlé dúpẹ́.

Èmi ni mo jókòó ti ìyá nígbà tí wọ́n ń dáhùn, mo sì gbọ́ ìbéèrè méjì tí n kò lè gbàgbé. Èkíní ni: “Màmá, ṣé ẹ ní fóònù?” Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò purọ́. Fóònù wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n ti àbúrò bàbá mi ni, ó sì máa ń gbé e jáde láti ìdájí, ó di alẹ́ kó tó gbé e wọlé. Bí iná inú rẹ̀ bá tán, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti ń gba iná sí i, ó sì lè sùn síbẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì kò wọ inú ilé, àfi kéèyàn lọ dúró sí ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Gbogbo ará abúlé ló mọ̀ pé “a ní fóònù” yàtọ̀ sí “fóònù wà lọ́wọ́ mi”. Ẹni tó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ kò mọ̀. Ó kọ “bẹ́ẹ̀ ni”.

Ìbéèrè kejì ni: “Ṣé ẹ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀?” Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Rárá o, ọmọ mi. Èmi kì í bínú.” Létí tiwọn, ẹni tí inú ń bí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹni yẹn kọ “rárá”, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyá ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu wọn. Àbúrò bàbá mi sáré lọ sí ìdí igi máńgòrò, ó pe nọ́ńbà tí àwọn àlejò fi sílẹ̀. Wọ́n ti pa á. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ọ̀kadà tó gbé ìyá dé ilé ìwòsàn. Ìyá yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wọn kò lè di ìgbálẹ̀ mú dáadáa mọ́. N kò sọ pé fóònù tí kò wọlé ló fà á. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sẹ́ni tó padà wá sọ ohun tí ìwádìí yẹn rí fún abúlé. Ìyá ṣì máa ń bi mí pé, “Kí ni àwọn ọmọ yẹn bá nínú ẹ̀jẹ̀ mi?” Ojú máa ń tì mí pé n kò rí èsì fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé irú ìwé ìwádìí bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì olùyẹ̀wò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Àbújá pàápàá. Kí ni yóò rí? Yóò rí iye ènìyàn tó ní fóònù àti iye ènìyàn tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Yóò yẹ ìṣirò wò bóyá ó pé. Yóò wò ó bóyá wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó yẹ. Ó lè jẹ́ olóòótọ́, ó lè gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí yóò ṣe mọ̀ pé fóònù ìyá àgbà wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo láti Akanran ì bá béèrè pé, “Fóònù ta ni? Ibo ló ń sùn mọ́jú?” Ìbéèrè yìí kò gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kankan.

Ẹnì kan lè sọ pé abúlé kan ṣoṣo ni mò ń wò, pé jọ́nà ńlá kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán onítọ̀hún létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, The Lancet, ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà ìṣègùn tó lókìkí jù lọ láyé, tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa oògùn hydroxychloroquine. Àwọn tó kọ ọ́ ní àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó lé ní 96,000 láti ilé ìwòsàn 671 ni àwọn lò, àti pé iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Surgisphere ló kó wọn jọ. Iṣẹ́ náà la àyẹ̀wò kọjá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lórí oògùn náà dúró díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn ka iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ lẹ́tà ìta gbangba. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Bí ohun tó wà nínú ìwé náà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo àwọn tó ní kòrónà ní Áfíríkà nígbà náà, àti nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú, ló wà ní ilé ìwòsàn tó ń bá Surgisphere ṣiṣẹ́, tí gbogbo àkọsílẹ̀ wọn sì wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òbí mi, ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ìjọba rí, tó ń retí kí wọ́n wá fáìlì rẹ̀ rí láàárín òkìtì fáìlì láti àárọ̀ di ọ̀sán, ǹjẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ ọ́ létí? Iléeṣẹ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n rí àkọsílẹ̀ náà fún àyẹ̀wò tuntun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fa iṣẹ́ náà padà. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré ló lò. Àwọn olùyẹ̀wò tí wọ́n kọ́kọ́ kà á kò rí ohun tí òǹkàwé tó mọ bí ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa ṣe rí ì bá tètè fura sí.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ibi nìkan ni ìwádìí ń mú wá sí àgbègbè wa. Ní ọdún 1977, Oladele Kale láti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà Amẹ́ríkà nípa àrùn sòbìà ní àgbègbè Ìbàdàn níbí. Àwọn àgbà wa mọ sòbìà: kòkòrò tó ń gba ẹsẹ̀ yọ, tí kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ lè dìde lọ sóko ní àsìkò iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 600,000. Ní ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, nígbà tó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ìwé jọ́nà nìkan kọ́ ló lé sòbìà lọ. Omi tó mọ́ ni, àti asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yàn láàárín àwọn ará abúlé fúnra wọn. Ní Ìdẹ̀rẹ̀ ní Ìbàràpá, irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń ta asẹ́ náà fún aládùúgbò wọn. Ìmọ̀ tó dé ọwọ́ ará oko ló ṣiṣẹ́.

Bákan náà ni Ọ̀nà-Àrà tiwa yìí wà lára ibi tí Ikeoluwapo Ajayi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wádìí bóyá a lè fi oògùn ibà sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n yàn ládùúgbò, kí wọ́n lè tètè fún ọmọ tí ibà ń ṣe lóògùn nítòsí ilé. Iṣẹ́ náà jáde nínú Malaria Journal ní ọdún 2008. A lè kọ́ ará oko, a sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé kó fún ọmọ lóògùn. Kí ló dé tí a kò fi lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé kó sọ bóyá ohun tí a kọ nípa rẹ̀ jẹ́ òótọ́?

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń bá mi jiyàn máa sọ. Wọ́n á ní ará abúlé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé báwo ló ṣe fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò. Èsì mi ni pé kí wọ́n kọ àkótán rẹ̀ ní Yorùbá. Kì í ṣe àlá. Ní ọdún 2021, AfricArXiv àti ẹgbẹ́ Masakhane kéde pé àwọn fẹ́ túmọ̀ iṣẹ́ ìwádìí sí èdè Áfíríkà mẹ́fà, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbìyànjú láti kọ “ẹ̀jẹ̀ ríru” sílẹ̀ lọ́nà tí ìyá àgbà mi máa gbọ́, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ rí i pé ìbéèrè òun ní àbùkù.

Wọ́n á tún ní ó ti rẹ àwọn olùyẹ̀wò, pé jọ́nà ń wá wọn tì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi kò fi ẹrù kún tiwọn. Mo ní kí wọ́n fi ẹnì kan kún wọn. Jọ́nà BMJ ní Ìlú Ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aláìsàn fúnra wọn láti yẹ iṣẹ́ wò láti ọdún 2014. Bí aláìsàn ní Ìlú Ọba bá yẹ fún un, aláìsàn ní Lálúpọn àti Mọ́níyà náà yẹ.

Olùkọ́ wa ló mú àtakò tó le jù wá. Wọ́n ní, “Ṣé o rò pé ará abúlé máa lè sọ ohun tí kò dára lójú àlejò tó pín ṣúgà?” Mo ronú sí i fún ọjọ́ méjì. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí pé àwa Yorùbá kì í fẹ́ dójú ti àlejò. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ olùwádìí fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè. Jọ́nà ni kó wá ẹni tí yóò béèrè, bíi nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tàbí olùkọ́ abúlé náà, lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ. A kò kúkú jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Nítorí náà, mo ń béèrè ohun mẹ́ta péré. Kí ìṣirò ọdọọdún jọ́nà máa sọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye iṣẹ́ tó dé àti iye ọ̀sẹ̀ tí àyẹ̀wò gbà: èkíní, nínú àwọn iṣẹ́ tó jáde, mélòó ni ẹnì kan láti ibi tí wọ́n ti ṣe é yẹ̀ wò? Èkejì, mélòó ni wọ́n ti padà lọ sọ àbájáde rẹ̀ fún àwọn tó dáhùn ìbéèrè? Ẹ̀kẹta, mélòó ló ní àkótán ní èdè àwọn ènìyàn náà? Bí èsì bá jẹ́ òdo, kí wọ́n kọ òdo. Ẹni tó bá kọ òdo lọ́dún yìí, ojú á tì í láti tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé. African Journal of Medicine and Medical Sciences wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní UCH sì ń tẹ Annals of Ibadan Postgraduate Medicine jáde. Láti Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, ọkọ̀ kan tàbí méjì ló máa gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n lè ṣe èyí kí àwọn tó wà lókè òkun tó ronú kàn án.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wà fún wa náà. Àwa la gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwa la gbọ́ Yorùbá, àwa la sì mọ ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà ní abúlé. Nígbà mìíràn tí àlejò bá wá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ béèrè orúkọ iṣẹ́ náà, ẹ béèrè ìgbà tí wọn yóò padà wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jáde, ẹ kà á fún wọn níbi ìpàdé abúlé. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní JSS 2 ni, ǹ bá ti rí èsì fún ìyá àgbà mi.